Àga Méjì ní Ìlà Ẹ̀yìn

Ní mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ṣakí, lápá ibi tí àwa obìnrin ti ń kírun, àga méjì wà ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, ìkejì jẹ́ ti Táíwò tí a jọ jáde nínú ìyá kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ó di ọdún mẹ́rin tí iwájú orí wa ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Orúnkún ti kọ̀, ara sì wúwo. Bí àwọn ẹgbẹ́ wa bá forí kanlẹ̀ tán, tí ẹ̀yìn wọn tò lọ rẹrẹ bí ebè tuntun, àwa méjì nìkan la máa ń yọ sókè níbẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán tí àgbẹ̀ kò rí hú. N kò ní purọ́ fún yín, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, nítorí pé Táíwò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyà tí a bá pín sí méjì, àbọ̀ ìyà ni.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Òun ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n, nítorí èmi ni mo rán an kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wá. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi: bí mo bá dá orin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, yóò gbè é láti ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, àwọn tó ń kọjá lójú títì á sì máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é fún mi. Bí Muhydeen ọmọ rẹ̀ bá ra aṣọ, méjì ni yóò rà. Bí Misturat ọmọ mi bá fi ẹja ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, ọ̀nà méjì ni yóò dì í sí. Ẹran ara pàápàá, ọgbọọgba la jọ kó o.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, orúnkún wa wú lọ́sẹ̀ kan náà, Gbémisọ́lá ìyàwó Muhydeen sì kó wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kí Táíwò gun sikéèlì. Àádọ́fà kílò. Wọ́n ní kí èmi náà gùn ún. Àádọ́fà. Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò rí irú èyí rí. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fọwọ́ tẹ orúnkún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "orúnkún yìí kò tíì bàjẹ́ tán. Ẹrù tó ń rù ló pọ̀ jù. Bí ẹ bá lè sọ kílò márùn-ún sí mẹ́fà kalẹ̀, tí ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́, ìrora á dín kù. Ẹ lè tún forí kanlẹ̀ ní iléyá."

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀. Nínú márúwá tí a wọ̀ bọ̀ wálé, àwa méjì la kún ẹ̀yìn rẹ̀, Gbémisọ́lá ní láti há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Táíwò kọjú sí mi.

"Kẹ́hìndé, mo fẹ́ kúrò lórí àga yẹn kí n tó kú."

"Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti sọ ọ́ tán ni èrò kan wọ inú mi, tí kò jáde mọ́. Bó bá kúrò ṣáájú mi ńkọ́? Bó bá wá ku èmi nìkan tí n ó máa yọ sókè ní ìlà ẹ̀yìn ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, n kò bẹ̀rù ọ̀rá, n kò bẹ̀rù orúnkún. Àga kan ṣoṣo yẹn ni mo ń bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì, Gbémisọ́lá jókòó sáàárín wa, ó ń fọwọ́ ra fóònù rẹ̀.

"Ètò méjì ni mo rí tí àwọn èèyàn ń sanwó fún," ó ní. "Èyí tó ń jẹ́ Ara Fúyẹ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìbàdàn ni obìnrin tó ni ín wà. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun kan ránṣẹ́, ẹ ó máa pò ó mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ó jẹun gidi lọ́sàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ ó gun sikéèlì, ẹ ó ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀ fi ránṣẹ́. Èkejì ń jẹ́ Ìgbésẹ̀. Ìyẹn kò ní ìyẹ̀fun. Ẹ ó máa lọ sí gbọ̀ngàn wọn lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ ní gbogbo Ọjọ́rú, wọ́n á wọ̀n yín, wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa jẹun, ẹ ó sì máa rìn."

"Èwo ló ń tètè mú èèyàn rù?" Táíwò bèèrè.

"Wọ́n ní ti ìyẹ̀fun máa ń kọ́kọ́ yá, mọ̀mọ́. Ti Ìgbésẹ̀ máa ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lára. Èyí tí ẹ bá lè ṣe láìjáwọ́ ló dáa jù."

"Kí Táíwò kọ́kọ́ lọ tọ́ ti ìyẹ̀fun wò," mo ní. "Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti inú ìyá wa. Bó bá dùn, kó wá sọ."

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé lọ gún iyán mi.

Ó tọ́ ọ wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó lọ gun sikéèlì Bàṣírù. Bàṣírù ni oníkájú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé Táíwò, òun ló ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, sikéèlì ńlá onírin tí wọ́n fi ń wọn àpò sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ọsibítù jìn, èrò ibẹ̀ pọ̀. Kí ló burú nínú kí èèyàn kàn sọdá títì? Táíwò ya fọ́tò nọ́ńbà náà, ó gbé e wá hàn mí. Okèlè wà lọ́wọ́ mi.

"Márùn-únlélọ́gọ́rùn-ún," ó ní. "Kílò márùn-ún, Kẹ́hìndé. Lọ́sẹ̀ kan."

Okèlè náà kò lọ sẹ́nu, kò padà sábọ́.

Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e. Ó ti lọ tọ́ ọ wò, ó ti wá jíṣẹ́ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá mu ìyẹ̀fun kan náà, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò máa fi ṣíwájú mi títí a ó fi dé iléyá, èmi ni n ó sì kù sórí àga. Mo pe Misturat pé ti Ìgbésẹ̀ ni kó san fún mi. Ó ní kí ló dé tí a kò jọ ṣe ọ̀kan. Mo ní ìyẹ̀fun yẹn kò bá inú mi mu. N kò tíì fi ahọ́n kàn án rí.

Obìnrin mẹ́rìnlá ló wà ní Ìgbésẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kì í wò wá lójú. Mátírọ́nù Ìyápọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì pọ̀. Ó ní kí n di ẹ̀ṣẹ́. Mo dì í.

"Ìwọ̀n iyán yín nìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ìyá."

"Ẹ̀ṣẹ́ ta ni?"

"Tiyín."

Mo wo ẹ̀ṣẹ́ mi. Mo wo ti obìnrin Kisi tó jókòó tì mí, tiẹ̀ tóbi ju tèmi lọ dáadáa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè jowú ẹ̀ṣẹ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí mo bá jẹ sínú ìwé. Ìwé kẹta ni mo dé, mo sì ń kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀. Wọ́n ní kí n máa jókòó sórí àga kí n máa dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, ìgbà mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é, mo sì ń wá ẹni tí yóò bá mi wá omi. Wọ́n ní kí n máa rìn. Ìrìn ló kọ́kọ́ rọrùn fún mi, nítorí pé mo rí orin fi sí i:

*Ẹsẹ̀ mi, má dá mi dúró,*
*Ọ̀nà kò jìn, ilé là ń lọ.*
*Ẹrù tí mo kó láti ọjọ́ pípẹ́,*
*Díẹ̀ díẹ̀ ni n ó sọ̀ ọ́.*

Mátírọ́nù gbọ́ ọ, ó ní kí n máa dá a fún gbogbo kíláàsì. Láti ìgbà náà, bí a bá ń yí gbọ̀ngàn ká, ohùn mi ló ń ṣíwájú. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ara mi ń yá, oorun mi dára sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé, tí mo rí Táíwò, inú dídùn náà á fò lọ.

Kílò kan ni mo sọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọ̀sẹ̀ kejì, n kò sọ nǹkan kan. Táíwò wà ní ọgọ́rùn-ún nígbà náà. Ó ti ń so ìró rẹ̀ mọ́ra pinpin, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé. Bí mo bá wò ó dáadáa, n kò rí ibi tí ẹran náà ti lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, apá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni àwọn èèyàn ń wò, Táíwò sì ń sọ nọ́ńbà náà fún gbogbo ẹni tó bá kí i.

"Ìyá Muhydeen, ẹ ti ń di ọmọge o," wọ́n á ní. Wọ́n á wá yíjú sí mi. "Ìyá Misturat, ẹ pẹ̀lẹ́."

Kí ni wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́ sí? Ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Orin kan wá sí mi lẹ́nu nígbà yẹn, tí n kò kọ sókè. Inú ilé ìdáná ni mo ti ń kọ ọ́, lóhùn ìsàlẹ̀:

*Àwa méjì la jọ wáyé,*
*Àwa méjì la jọ sanra.*
*Ta ló ní kí ẹnìkan gbẹ*
*Kó fi ẹnìkan sílẹ̀?*

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Táíwò bọ́ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Èmi, pẹ̀lú gbogbo ìrìn àti ẹ̀ṣẹ́ dídì mi, mo wà ní mẹ́rìndínláàádọ́fà. Ó jókòó sí pèpéle mi, ó ń fi ìborùn rẹ̀ fẹ́ ara.

"Mo ti sọ fún Muhydeen pé àga kan péré ni kó gbé lọ sí yídì lọ́dún yìí," ó ní.

"Ti ta ni?"

"Tìẹ ni."

Mo ní ó dáa. Nígbà tó lọ tán, mo rẹ ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nílé wa, a kì í bọ ìbejì mọ́, a ti ń kírun láti ayé bàbá bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kò ṣẹ Ọlọ́run, ìyá wa sì fi òfin kan lélẹ̀ kó tó kú: abọ́ tí Kẹ́hìndé bá gbé fún Táíwò, tàbí tí Táíwò bá gbé fún Kẹ́hìndé, kò gbọdọ̀ padà pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Mo se ẹ̀wà náà títí ó fi rọ̀, mo da epo sí i títí n kò fi rí ẹ̀wà mọ́, mo dín àkàrà mẹ́wàá lé e, mo sì fi abọ́ ìyá wa gbé e lọ.

"Kẹ́hìndé, wọ́n ní kí n má jẹ epo," ni Táíwò wí.

"Mo mọ̀. Abọ́ ìyá wa ni mo fi gbé e wá."

Ó wo abọ́. Ó wò mí. Ó jẹ ẹ́, ó fi àkàrà nu ìdí abọ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbé òmíràn lọ. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Mo jókòó tì í títí ó fi ń jẹ ẹ́ tán, mo sì ń ka ọjọ́ tí Àìkú yóò pé.

Àìkú pé. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ó tún sọ kílò méjì.

Ọjọ́ náà, n kò lè jẹ, n kò lè rìn. Mo bi Ọlọ́run léèrè, ní jẹ́jẹ́, bóyá ó fẹ́ràn Táíwò jù mí lọ ni. Ẹ̀wà ọjọ́ mẹ́ta, àkàrà ọgbọ̀n, ó sì tún fúyẹ́ sí i? Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ wo sikéèlì Bàṣírù fúnra mi.

Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ràsáàkì wà níbẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àpò tí mo wọ̀n nílé, ọgọ́rin kílò ni," ó ń wí. "Báwo ló ṣe di àádọ́rin níbí?"

"Oòrùn ló gbẹ ẹ́ lójú ọ̀nà," Bàṣírù dá a lóhùn, kò gbójú sókè.

"Oòrùn wo? Òjò ló pa mí bọ̀."

Àwọn àgbẹ̀ tó kù rẹ́rìn-ín. Ràsáàkì rí mi, ó yíjú sí mi bí ẹni tó rí adájọ́. "Ẹ bá mi dá sí i, ìyá. Bí owó kájú bá ṣe ń gòkè ni sikéèlì ọkùnrin yìí ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí kájú ṣì pọ̀, kílò mẹ́ta ló ń jẹ lórí àpò. Ní báyìí tó ti wọ́n, mẹ́wàá. Gbogbo wa la mọ̀."

Gbogbo wọn mọ̀. Èmi náà mọ̀, àb' ẹ̀yin rò pé n kò ta kájú rí? Ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, bá àwọn oníkájú jà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n àpò kájú ni mo fi ọ̀rọ̀ náà mọ. N kò ronú kan èèyàn rárá.

Mo bọ́ bàtà. "Bàṣírù, wọ̀n mí."

Ó họ orí. "Ẹ̀yin náà, Ìyá Misturat?"

"Èmi náà."

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, lórí sikéèlì Mátírọ́nù, márùn-únlélọ́gọ́rùn-ún ni mí. Lórí ti Bàṣírù, mo jẹ́ méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tún gùn ún. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ ju Táíwò lọ, mo sì ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

"Ìkejì mi ń wá síbí ní gbogbo Àìkú," mo sọ fún un ní jẹ́jẹ́. "O kò sì sọ fún un?"

Bàṣírù wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn àgbẹ̀. "Kí ni kí n sọ, ìyá? Pé sikéèlì mi ń parọ́? Níṣojú àwọn wọ̀nyí?"

Mo kọrin láti ṣọ́ọ̀bù náà dé ilé. N kò nílò ọ̀pá:

*Kájú wọ́n, Táyé fúyẹ́,*
*Kájú tún wọ́n, Táyé tún fúyẹ́.*
*Bí kájú bá wọ́n sí i lọ́la,*
*Táyé á fò bí ẹyẹ ẹ̀gà.*

Ó yẹ kí n kọjá sí ilé Táíwò kí n sọ fún un. Mo rò ó. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo ìlú pé òun yóò forí kanlẹ̀ ní yídì. Bó bá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ẹrù rẹ̀ kò dín, yóò tẹ́. Mo rí i nínú ọkàn mi bí yóò ṣe tẹ́, ó sì dùn mọ́ mi. Mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́, mo ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ iyán mi, mo ń dìde lórí àga nígbà mẹ́wàá, mo sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, Táíwò wá sílé mi láàárọ̀, Gbémisọ́lá ń tẹ̀ lé e, ó ru àga. Àga Táíwò ni, èyí tó wà ní mọ́sálásí.

"Mo gbé e wá fún ẹ," Táíwò ní. "Ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀."

Gbémisọ́lá wo ilẹ̀.

"O ṣeun," mo ní. "Ọjọ́rú lònìí. Bá mi lọ sí kíláàsì wa. Jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí ẹni tó sọ kílò mẹ́rìndínlógún kalẹ̀. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí."

Ó lọ wọ ìborùn tuntun. A jọ wọ márúwá, ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní gbọ̀ngàn, mo fi í hàn wọ́n. Obìnrin Kisi sún fún un. Mátírọ́nù ní kó bọ́ bàtà. Táíwò gun sikéèlì bí ẹni ń gun ẹṣin, ó ń wo gbogbo wa, kò wo nọ́ńbà.

"Mẹ́tàdínláàádọ́fà," ni Mátírọ́nù wí.

"Ẹ tún un wò," Táíwò ní. "Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni mí."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gùn ún. Ó bọ́ ìborùn, ó tún gùn ún. Mẹ́tàdínláàádọ́fà. Mátírọ́nù ní kílò mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré, ìyá, ọ̀pọ̀ ni kò rí i sọ̀. Ìkejì mi kò gbọ́ ọ. Ó ń wò mí. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án dúró de ojú yẹn. Mo bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gun sikéèlì náà lójú rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

"O mọ̀," Táíwò wí.

"Mo mọ̀. Sikéèlì Bàṣírù ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Ó wọ márúwá tirẹ̀, èmi wọ tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé tí mo jókòó sẹ́yìn márúwá tí àyè ṣẹ́ kù. Àyè náà kò bá mi lára mu. Nírọ̀lẹ́, Gbémisọ́lá wá gbé àga padà, kò jókòó. Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo dá orin tí a mọ̀ láti kékeré. Mo dá a lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó gbè é.

Ọjọ́ iléyá pé. Muhydeen gbé àga méjì lọ sí yídì, ó tò wọ́n sí ìlà ẹ̀yìn bí ó ti máa ń ṣe. Táíwò jókòó sórí tirẹ̀, ó gbójú sí iwájú. Mo kí i, ó dáhùn bí a ti ń dáhùn ẹni tí a kò mọ̀. Lèmọ́mù gbé kábárà. A ń bá a lọ jẹ́jẹ́, títí ó fi kan ìforíkanlẹ̀. Àwọn ìlà lọ sílẹ̀. Èmi tẹ orí ba lórí àga bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin, mo sì gbọ́ nǹkan bí ìgbà tí àpò èlùbọ́ bá ti orí ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Mo yọjú wo ẹ̀gbẹ́. Àga rẹ̀ ṣófo. Táíwò wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ wà lórí ẹní.

N kò ronú. Bí mo bá ronú ni, n kò ní lọ. Nǹkan kan ká mi ní àyà, ó gbé mi kúrò lórí àga, orúnkún kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e, ó dùn mí títí dé ìbàdí, mo sì nawọ́ síwájú. Iwájú orí mi kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ń rùn bí òjò àná. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí, tí èèyàn á máa gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ nínú etí. Mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, mo sì fi ojú kan wo ẹ̀gbẹ́ bóyá orí Táíwò kan ilẹ̀ tó tèmi.

Wọ́n gbé kábárà, gbogbo ìlà dìde. Àwa méjì kò dìde. Mo gbìyànjú, ẹsẹ̀ kò gbọ́. Mo rí i pé òun náà ń gbìyànjú. A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, a kí ìyókù ní ìjókòó, Ọlọ́run ló ń gbà á.

Nígbà tí a sálámà tán, tí wáásí parí, Muhydeen àti ọkùnrin méjì wá gbé wa.

"Ẹ kọ́kọ́ gbé e," Táíwò ní. "Òun ni kò lè dìde."

"Èmi kọ́," mo ní. "Èmi ń sinmi ni. Ẹ gbé e."

"Èmi náà ń sinmi."

"Mọ̀mọ́," Muhydeen bẹ̀bẹ̀, "àgbò ń dúró."

"Ẹ lọ máa dú àgbò yín," àwa méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Gbémisọ́lá nìkan ló dúró, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ẹmì kan lọ́ọ̀ọ́kán. Muhydeen ti gbé àga lọ. Yídì ń ṣófo lọ, oòrùn ń gun òkè.

Táíwò yíjú sí mi.

"Ẹ̀wà yẹn. O fi fẹ́ bà mí jẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ojú rẹ ti sọ ọ́ kí o tó gbé abọ́ sílẹ̀."

"Kí ló dé tí o jẹ ẹ́?"

"Ebi ń pa mí. Ìyẹ̀fun yẹn, o ò mọ ebi tó wà nínú rẹ̀. Mo ń lá àlá iyán." Ó nu ojú. "Epo rẹ̀ dùn."

Mo rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ níwájú wa, ìyá rẹ̀ ń ká ẹní. Ó ṣubú. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbé ìdí sókè ṣáájú, ó kó ẹsẹ̀ wá sábẹ́ ara rẹ̀, ó dìde, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo wò ó dáadáa. Àwa arúgbó, orí la máa ń fẹ́ gbé ṣáájú.

Mo yíra padà, mo fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, mo gbé ìdí sókè. N kò mọ ẹni tó ń wò mí, kò sì kàn mí. Mo fa ẹsẹ̀ kan wá sábẹ́, mo fa èkejì. Itan mi gbọ̀n, itan tó ti dìde lórí àga láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méje. Ó gbé mi. Mo dúró, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ mi nù, mo sì wo àbúrò mi nísàlẹ̀.

"Mú ọwọ́ mi," mo ní.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò."

Ó ti rí bí mo ṣe ṣe é. Ó tẹ ọwọ́ sílẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó ń mí bí àgbò. Mo bẹ Ọlọ́run kó dìde. Mo tún bẹ̀ ẹ́ kó má tètè dìde jù. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún un ṣe. Ó tún ṣubú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró, ó di èjìká mi mú kó má baà tún lọ. Kò jẹ́ kí èjìká náà lọ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀.

"Aago mélòó ni kíláàsì yẹn ń bẹ̀rẹ̀?" ó bèèrè.

"Ó ti kún," mo ní.

Irọ́ ni. Àyè mẹ́ta ló ṣófo níbẹ̀. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn, Táíwò ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó ti bọ́ bàtà, ó sì ti di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sókè kí Mátírọ́nù wá wò ó.